Ìyàwó Tí Ìyá Ọba Yàn

Abdulaziz Ibn Saud, ọkùnrin tó fi idà àti ọ̀rọ̀ ẹnu so ilẹ̀ Sáúdí Arébíà pọ̀ di ọ̀kan, máa ń hun ewì. Ó sọ fún Muhammad Asad, ọmọ ilẹ̀ Austria tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó sì gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, pé láyé ìgbà tí ogun gbóná, nígbàkígbà tí ayé bá ṣú mọ́ òun lójú, tí òun kò sì rí ọ̀nà àbájáde nínú ewu tó yí òun ká, ńṣe ni òun máa ń jókòó tí òun á hun ewì fún ìyàwó òun tó ń jẹ́ Jauhara. Bí ewì náà bá ti parí báyìí, ilẹ̀ á mọ́ sí òun lára, òun á sì mọ ohun tó kàn láti ṣe. Nígbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti pẹ́ tí Jauhara ti wà nínú sàréè.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà wọ̀ mí lọ́kàn ni pé Abdulaziz kọ́ ló fi ojú ara rẹ̀ wá Jauhara rí. Ìyá rẹ̀, Sara al-Sudairi, ló yàn án fún un ní nǹkan bí ọdún 1908, láti inú ẹ̀ka Jiluwi nínú ìdílé ọba kan náà. Inú ẹ̀ka yìí ni Abdullah bin Jiluwi ti wá, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abdulaziz ní oṣù kìíní ọdún 1902 tí wọ́n já wọ odi Masmak tí wọ́n sì gba Riyadh. Kò ṣòro láti rí ohun tí ìyá ọba rò: àwọn tó ti fi ẹ̀mí wọn wewu nítorí ọmọ òun, ó yẹ kí òun tún okùn wọn dì kó le sí i. Jauhara bí Muhammad, ó sì bí Khalid, ẹni tó wá jọba láti 1975 títí di 1982. Ní 1919, àrùn ọ̀fìnkìn burúkú tó ń jà yí ayé ká nígbà náà dé àárín aginjù Najd. Ó pa Jauhara, ó sì pa Turki, àkọ́bí Abdulaziz, nínú àjàkálẹ̀ kan náà. Ọba náà fẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin kó tó kú ní 1953, ó sì bí ọmọkùnrin tó ju 30 lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bi í léèrè nípa ìfẹ́, obìnrin tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, tí ọ̀fìnkìn sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ló dárúkọ.

Nígbà kan rí, bí mo bá gbọ́ pé ìfẹ́ hù láàárín ọkọ àti aya tí àwọn àgbà so pọ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo gbà pé ìgbọràn ló pẹ́ títí tó fi gba orúkọ mìíràn, pàápàá tó bá jẹ́ ààfin ni, níbi tí gbogbo ẹnu ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ohun tí yóò dùn mọ́ ọba. Ìtàn ewì yìí kò jẹ́ kí n sinmi lórí èrò náà mọ́. Kò sí ẹni tó fipá mú ọkùnrin yìí láti kéwì. Kò sí àǹfààní ìṣèlú kankan nínú kí olórí ogun jókòó sínú àgọ́ kó máa wá ọ̀rọ̀ tó bára mu fún obìnrin kan ní Riyadh. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìdílé náà láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin, dípò ẹnu ọ̀nà gbàgede tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé.

Àwa tí a ń kàwé lónìí máa ń gbàgbé bí ìjọba náà ṣe tálákà tó ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìdílé Rashid tó ń jọba ní Ha'il ti lé bàbá Abdulaziz kúrò ní Riyadh, Kuwait ni ọmọ náà sì ti dàgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìsáǹsá. Nígbà tó gba ìlú náà padà, epo rọ̀bì kò tíì sí. Ọdún 1938 ni kànga tó so èso ní Dammam ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Kò ní ọmọ ogun tó ń gbowó oṣù, kò sì ní ojú ọ̀nà tàbí ọkọ̀ tí yóò gbé àṣẹ rẹ̀ kọjá lórí iyanrìn. Àwọn ẹ̀yà darandaran lè bá a mulẹ̀ lónìí, kí wọ́n tú àgọ́ lóru, kí wọ́n sì wà lọ́dọ̀ ọ̀tá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbéyàwó ló wà nílẹ̀ tó lè mú kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan di ọ̀rọ̀ ìdílé méjì. Ní kété tó gba Riyadh, ó fẹ́ Tarfa, ọmọ àgbà nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Muhammad ibn Abd al-Wahhab, olùdásílẹ̀ ẹ̀kọ́ Wahhabi, kí ìjọba àti mọ́sáláṣí lè máa mí ìmí kan náà. Tarfa ló bí Faisal ní 1906. Nígbà tí Ha'il wó ní 1921, ó fẹ́ Fahda, opó ọ̀kan nínú àwọn ọba Rashid tí wọ́n ti pa, obìnrin láti inú ẹ̀yà Shammar. Fahda ló bí Abdullah, ẹni tó jọba láti 2005 títí di 2015. Mo máa ń dúró díẹ̀ nídìí orúkọ Fahda. Ó ti jẹ́ aya ọba ìlú kan, wọ́n pa ọkọ rẹ̀, ọ̀tá ìdílé ọkọ rẹ̀ wá ṣẹ́gun ìlú, ó sì di aya aṣẹ́gun náà. Àdéhùn àlàáfíà tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni. Bóyá ìfẹ́ wá bá wọn lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Noura náà wà, ẹ̀gbọ́n Abdulaziz, ẹni tí ọba fẹ́ràn débi pé orúkọ rẹ̀ ló fi ń pariwo lójú ogun: “Èmi ni arákùnrin Noura!” Wọ́n fún un ní ọkọ láti inú ẹ̀ka ìdílé tó ti bá ẹ̀ka bàbá rẹ̀ du ìtẹ́, kí ìjà abẹ́lé lè rọlẹ̀. Yunifásítì ńlá ti àwọn obìnrin ní Riyadh ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Nípa ohun tó wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, mo rò pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó dákẹ́.

Ohun kan wà nínú ètò yìí tí mi ò kọ́kọ́ kíyè sí, òun gan-an ló sì yí èrò mi padà. Òfin Ìsìláàmù gba ọkùnrin láàyè láti ní ìyàwó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá lè ṣe déédéé láàárín wọn. Àlùkùránì kan náà sì sọ nínú orí kẹrin, ẹsẹ 129, pé ọkùnrin kò ní lè ṣe déédéé tán láàárín àwọn obìnrin bó ti wù kó gbìyànjú tó. Abdulaziz kò ní ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìkọ̀sílẹ̀ ló máa ń fi wá àyè fún òmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ń já ìdè ìgbéyàwó náà, kò sì sí ìtìjú ńlá nínú rẹ̀ bí a ṣe lè rò. Ìyàwó tí wọ́n kọ̀ lè padà sí ilé àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú ọlá, kó sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Àwa ti sábà máa ń rò pé ìgbéyàwó tí àwọn àgbà ṣètò dà bí odi tí kò ní ilẹ̀kùn. Ilé yìí ní ilẹ̀kùn, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó kéré tán láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin. Nítorí náà, bí ọwọ́ ìyá tàbí ọwọ́ ìṣèlú ló mú obìnrin kan wọlé, ohun tó pa á mọ́ síbẹ̀ fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó láti fòpin sí i, gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti ń wá ìfẹ́ báyìí, nínú ọjọ́ lásán tí ẹni tó lè lọ kò lọ.

Mo mọ̀ pé àlàyé yìí kò dọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Hassa ọmọ Ahmed al-Sudairi gbé e wò, nítorí òun ni kò jẹ́ kí àlàyé náà rọrùn fún mi.

Ọmọ ọdún 13 ni Hassa nígbà tí wọ́n fi í fún Abdulaziz ní 1913. Ará ilé ìyá ọba ni, nítorí Sudairi ni Sara náà. Ìgbéyàwó náà kò pẹ́. Ọba kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Muhammad, àbúrò ọba, fẹ́ ẹ, Hassa sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Níbi tí ìtàn ìyàwó tí a kọ̀ sílẹ̀ ti máa ń parí nìyí. Ṣùgbọ́n ọkàn Abdulaziz kò kúrò lára rẹ̀. Ó ní kí àbúrò òun kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún un fẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1920, kò sì jẹ́ kó lọ mọ́. Ọmọkùnrin méje ni Hassa bí fún un lẹ́yìn ìpadàbọ̀ yìí. Fahd jọba láti 1982 títí di 2005, Sultan àti Nayef di àrẹ̀mọ, Salman sì gorí ìtẹ́ ní 2015. Àwọn méje yìí ni ayé ń pè ní Sudairi Méje, ìṣọ̀kan wọn sì ti ọ̀dọ̀ ìyá wọn wá, ẹni tó máa ń kó wọn jọ sídìí oúnjẹ kan náà kódà nígbà tí wọ́n ti di àgbà ọkùnrin.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ìfẹ́ tó dùn jù: ọba kọ obìnrin, ọba kábàámọ̀, ọba lọ mú un padà. Mo rí adùn náà. Ṣùgbọ́n mo tún rí Muhammad, tí wọ́n ní kó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yí ọkàn padà, mo sì rí ọmọ tí Hassa bí fún un. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo ń wá ohùn Hassa nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì gbọ́ ọ. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó ti wọ ilé ọba, ó ti jáde, ó ti di aya ẹlòmíràn, ó sì ti tún padà. Bí a bá ní ìfẹ́ hù níbẹ̀, mo gbà, nítorí pé ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin láti fi parí ìjà kò nílò láti tún fẹ́ ẹni tó ti kọ̀. Àdéhùn kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀mejì. Ọba ti rí ohun kan lára Hassa tí kò mọ iye rẹ̀ àfìgbà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá Hassa náà rí ohun kan lára ọba, tàbí ó kàn fi ọgbọ́n kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tí wọ́n tì í sí, oúnjẹ tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ sí nìkan ló kù tí mo lè fi ṣe ẹ̀rí.

Èyí tó bá mi lára mu jù nínú gbogbo wọn ni ti Faisal, ọmọ Tarfa, àti Iffat ìyàwó rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé ara ìdí rẹ̀ jẹ́ ti èmi fúnra mi. Ẹbí ló mú èmi àti ọkọ mi mọ ara wa. Ọdún méjì àkọ́kọ́, a máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, pẹ̀lú ìkíni ní òkè àti ọpẹ́ ní ìsàlẹ̀. Èdè kan náà ni a jọ ń sọ, síbẹ̀ mo ní láti kọ́ ọ bí ẹni kọ́ èdè àjèjì: kí ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí lówùúrọ̀, kí ni ó túmọ̀ sí lálẹ́. Ti Faisal àti Iffat kò tilẹ̀ ní àfiwé nínú rẹ̀ rárá, nítorí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn.

Istanbul ni wọ́n bí Iffat sí ní 1916. Láti ìran Thunayan ni bàbá rẹ̀ ti wá, ẹ̀ka ìdílé Saud tí ọ̀kan nínú wọn ti jọba ní Riyadh fún ìgbà díẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1841 sí 1843, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá fi ìlú àwọn Tọ́kì ṣe ilé. Ará Tọ́kì ni ìyá rẹ̀. Ó ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nílùú náà, ní àkókò tí ìjọba Ottoman wó, tí ebi sì pa ọ̀pọ̀ ilé tó ti jẹ́ ilé ọlá rí. Ìbátan rẹ̀ kan, Ahmed al-Thunayan, ti wà pẹ̀lú Faisal nígbà tí bàbá rẹ̀ rán an lọ sí London ní 1919, tí ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ. Okùn ẹbí náà kò já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun àti aginjù wà láàárín. Nígbà tí Iffat àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin wá ṣe ìrìn-àjò Hájì, ìdílé ọba ló gbà wọ́n ní àlejò, Faisal tó jẹ́ aṣojú bàbá rẹ̀ lórí Hejaz, agbègbè tí Mẹ́kà wà, sì ni onílé. Ní 1932, ọdún kan náà tí ilẹ̀ náà gba orúkọ Sáúdí Arébíà, ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn dídùn máa ń sọ pé Faisal rí i, ojú rẹ̀ sì dúró. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí ló fẹ́, láti inú ìran ọba, ní ìlànà ẹbí, kò sì sí ẹni tó jáde kúrò nínú ìlà tí àwọn àgbà fà.

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn. Èdè Tọ́kì ni ó ń sọ, èdè Lárúbáwá ni ọkọ rẹ̀ ń sọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara wọn. Ẹ ro ó wò: ọmọ ọba, òjíṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ tí kì í sì í sọ̀rọ̀ jù, ó wá ń ṣi ọ̀rọ̀ pè níwájú ọmọbìnrin kan bí ọmọ kékeré, ọmọbìnrin náà sì ń tún un ṣe. Nínú ilé ọba, ta ni ó tún láyà láti tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe? Mo rò pé ibẹ̀ ni nǹkan ti hù. Ẹni tó bá ti rí ọ bí o ṣe ń kólòlò, tí kò sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o kò ní fẹ́ fi í pamọ́ sí igun ilé mọ́.

Mi ò fẹ́ fi epo pa á ju bó ṣe yẹ lọ. Faisal ti ní ìyàwó ṣáájú Iffat, ó sì tún fẹ́ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1940, wọ́n bí ọmọkùnrin méjì fún un láàárín oṣù méjì: Iffat bí Saud, Haya ọmọ Turki sì bí Khalid. Mo ti gbìyànjú láti fi ara mi sí ipò Iffat ní ọdún yẹn, ọmọ ọdún 24, ọmọ tuntun lọ́wọ́, ìròyìn ìkúnlẹ̀ ilé kejì létí, mi ò sì lè rí ọ̀rọ̀ ìtùnú kan tí kì í ṣe irọ́. Bí àkókò ti ń lọ, ọ̀dọ̀ Iffat nìkan ni Faisal wá fi ìdí kalẹ̀ sí. Kò sí òfin tó sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń yìn, lọ sí ọ̀nà òdìkejì pátápátá. Nínú ìdílé tí ìwọ̀n agbára ọkùnrin ti jẹ́ iye ilé tó so okùn mọ́, ó yan ilé kan.

Nípa ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Sultana, tó jẹ́ Sudairi bí Hassa, ìtàn kò sọ púpọ̀. Ọ̀dọ́mọdé ni Faisal nígbà tí wọ́n fẹ́ ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí Sultana bí, Abdullah al-Faisal, di ọ̀kan nínú àwọn akéwì ìfẹ́ tí orúkọ wọn kàn jù ní gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá, débi pé Umm Kulthum, ọ̀gá àwọn akọrin ilẹ̀ Íjíbítì, kọ ewì rẹ̀ lórin. Ewì lórí iyèméjì, lórí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹni òun ti da òun. Mo máa ń rò ó pé inú ìgbéyàwó tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìtàn rẹ̀ yìí gan-an ni akéwì ti jáde.

Iffat bí ọmọ mẹ́sàn-án, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin mẹ́rin, ibi tí ìfẹ́ àwọn méjèèjì sì ti di ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yìí. Ó fẹ́ kí wọ́n kàwé, àti ọkùnrin àti obìnrin. Ní àwọn ọdún 1940, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Taif, wọ́n sì ṣètò àyè fún àwọn ọmọbìnrin náà nínú rẹ̀. Saud kàwé dé yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, ó parí níbẹ̀ ní 1964, ó sì di òjíṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè fún ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó jẹ́ ti Iffat gan-an ni èyí tó ṣe ní Jeddah ní 1955, nígbà tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan fún ọmọbìnrin ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ó sì pè é ní Dar al-Hanan, ilé ìkẹ́. Ọmọ òrukàn ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ máa tọ́jú níbẹ̀. Ta ni yóò dìde lórí mínbárì láti bú ẹni tó ń kẹ́ ọmọ aláìníyàá, nígbà tí Àlùkùránì ti fi ìtọ́jú wọn ṣe ọ̀ranyàn? Ọgbọ́n obìnrin tó ti gbé ilé ọba pẹ́ ni, ó mọ ilẹ̀kùn tí a kì í kàn, tí a kàn ń tì wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní 1960, lábẹ́ ọba Saud, ẹ̀gbọ́n Faisal, ìjọba kéde pé òun yóò ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì fi í sí abẹ́ àbójútó àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kí ara lè rọ̀ wọ́n. Ní Buraydah, ìlú tó le nínú ẹ̀sìn ní àárín Najd, ara kò rọ àwọn ọkùnrin kan. Ní 1963, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn wá sí Riyadh láti fi ẹ̀hónú hàn. Faisal, tó jẹ́ àrẹ̀mọ tó sì ń ṣe olórí ìjọba, kò ti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó rán àwọn ọmọ ogun lọ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè wà ní ṣíṣí, kò sì fipá mú òbí kankan láti fi ọmọ sínú rẹ̀. Ó máa ń bi àwọn tó bá takò ó léèrè pé, ṣé ẹsẹ kan wà nínú Àlùkùránì tó ka ẹ̀kọ́ léèwọ̀ fún obìnrin? Ọmọ-ọmọ onímọ̀ ẹ̀sìn ni òun náà, ọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà wọn kò lè sọ pé kò mọ ohun tó ń bèèrè.

Àwọn òpìtàn ìṣèlú máa ń fi ọ̀rọ̀ Buraydah sí abẹ́ àtúnṣe ìlú. Èmi ń kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn tọkọtaya. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ra nínú gbogbo nǹkan, tó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn lè gbé ọba kalẹ̀ kí wọ́n sì tún gbé e kúrò, fi agbára ìjọba sí ẹ̀yìn ohun tí ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sínú ilé kan ní Jeddah ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Kò kéwì fún un, tàbí bó bá kéwì, kò sọ fún àlejò. Iffat kò sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta gbangba rí ní ilẹ̀ náà, nítorí àṣà ibẹ̀ kò gbà á. Nígbà tí Faisal jọba ní 1964, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Iffat ní ayaba, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ilẹ̀ náà kò ní irú oyè bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó ọba. Ẹnu àwọn ará ìlú ló fi í jẹ.

Mo bi ọkọ mi léèrè nígbà kan pé, nínú Jauhara tí wọ́n kéwì fún àti Iffat tí wọ́n rán ọmọ ogun lọ ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ fún, ta ni ó rò pé wọ́n fẹ́ràn jù. Ó rò ó títí. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kéwì fún obìnrin ṣì lè máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan. Mi ò mọ ìgbà tó kọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó dùn mí pé òtítọ́ wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Abdulaziz sọ nípa Jauhara, kò sí gbólóhùn kan tó jẹ́ ti Jauhara. A mọ̀ pé ìrántí rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fún ọkùnrin kan nínú òkùnkùn ogun, a kò sì mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ní Riyadh ní àwọn alẹ́ náà pẹ̀lú ọmọkùnrin kékeré méjì, nígbà tí kò dá a lójú bóyá ọkọ òun yóò padà. Bóyá òun náà ń hun ewì. Ọ̀pọ̀ obìnrin Najd máa ń hun ún ní èdè àdúgbò wọn, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1975, ọmọ àbúrò Faisal kan tó wá kí i ní ààfin ní Riyadh yìnbọn pa á. Wọ́n ti jọ gbé fún ọdún 43. Iffat jẹ́ ẹni ọdún 59, ó sì tún lo ọdún 25 lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí opó, ní ilẹ̀ tí kò bí i. Kò padà sí Istanbul. Dar al-Hanan ń bá iṣẹ́ lọ, àwọn ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde ti ń di olùkọ́ àti dókítà, àwọn kan nínú wọn sì ti ní ọmọ tí wọ́n ń mú wá síbẹ̀. Ní 1999, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó tún ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan fún àwọn obìnrin ní Jeddah. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2000, kí àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ tó mọ gbogbo yàrá ìkàwé ilé náà tán.